Àgbàrá abẹ́ òkun tó já wáyà méjì: ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀gbun Kóńgò, oṣù kìíní ọdún 2020

Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kìíní ọdún 2020, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì méjì já nísàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀kan ni SAT-3, tí wọ́n ti ń lò láti 2002. Èkejì ni WACS, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012. Àwọn méjèèjì ló ya Èkó, tí wọ́n na apá kan dé Yúróòpù, tí wọ́n sì na apá kejì dé Gúúsù Áfíríkà. Kò pẹ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń rìn bí ìgbín láti Nàìjíríà títí dé Cape Town. Ẹni tó bá tẹ fídíò kan pé kó ṣí, ó lè lọ po gààrí mu kó tó ṣí.

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ní ọ̀kan já ní sàkáání Libreville ní Gàbọ́ọ̀nù, èkejì já ní sàkáání Luanda ní Àǹgólà. Ìyẹn mú kó dà bí ẹni pé ọ̀tọ̀ lohun tó ṣe ìkíní, ọ̀tọ̀ lohun tó ṣe ìkejì, tí wọ́n kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Bí wáyà abẹ́ òkun bá já, ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja ni wọ́n sábà máa ń fura sí. Ọkọ̀ Léon Thévenin, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tún wáyà ṣe lọ, gbéra láti Cape Town, ó sì di oṣù kejì kí nǹkan tó padà sípò. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àmì mìíràn ti ń wọlé sọ́dọ̀ wọn lọ́sẹ̀ yẹn kan náà.

Ní 2019, àwọn onímọ̀ òkun kan, tí Peter Talling ti Yunifásítì Durham ṣáájú wọn, ti lọ ri ẹ̀rọ sínú ọ̀gbun tó wà lẹ́nu odò Kóńgò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á so irin wíwúwo mọ́ ìdí okùn gígùn kan, wọ́n á so bọ́ọ̀lù tó ń léfòó mọ́ orí rẹ̀, kí okùn náà lè nàró nínú omi. Ara okùn yẹn ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kọ́. Ẹ̀rọ náà á máa dún sísàlẹ̀, á sì máa gbọ́ ìró rẹ̀ bó ṣe ń ta padà lára ẹrẹ̀ tó ń kọjá. Ibẹ̀ ló ti ń mọ bí omi náà ṣe ń sáré tó. Wọ́n fẹ́ kó wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, kí ọkọ̀ tó padà wá kó o.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìíní, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já. Bí ọ̀kan bá já, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á léfòó, á gbà ojú omi jáde, ẹ̀rọ pẹ́ńpẹ́ tó wà lára rẹ̀ á sì ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì pé òun ti wà lókè. Èyí tó wà nítòsí etíkun ló kọ́kọ́ yọ. Èyí tó tẹ̀ lé e nínú ọ̀gbun tún yọ. Lẹ́yìn náà, èyí tó jìnnà sí i. Ó dà bíi kéèyàn dúró sórí òkè kan lálẹ́, kó máa wo bí iná ṣe ń kú ládùúgbò kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ra ẹ̀rọ wọ̀nyẹn á mọ̀ pé àyà àwọn tó ni wọ́n á ti já. Ṣùgbọ́n wákàtí tí okùn kọ̀ọ̀kan já wà lọ́wọ́ wọn, ibi tí wọ́n gbé e sí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fi àkókò pín ọ̀nà, ó ti mọ eré. Ohun tó bàjẹ́ gan-an ló wá di ẹlẹ́rìí.

Àgbàrá ẹrẹ̀ abẹ́ òkun ló ń já okùn wọ̀nyẹn. Eré rẹ̀ tí ẹlẹ́rìí yẹn sọ nìyí: nítòsí orí ọ̀gbun, mítà 5.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ti di mítà 8, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 29 ní wákàtí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ò lè bá a. Ó rin ọ̀nà tó ju kìlómítà 1,130 lọ, ọ̀nà tó jìn ju Èkó sí Kánò, láàárín bí ọjọ́ méjì, títí dé ibi tí omi ti jìn tó nǹkan bí mítà 5,000. SAT-3 àti WACS wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Kò sí kòńgẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹnì kan náà ló já àwọn méjèèjì.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wáyà máa jẹ́rìí báyìí. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá 1929, ilẹ̀ mì ní Grand Banks, nítòsí Newfoundland ní Kánádà. Wáyà tẹlifóònù ò tíì la òkun Àtìláńtíìkì kọjá nígbà náà, ti tẹlígíráàmù ló wà níbẹ̀, méjìlá nínú wọn sì já. Àwọn tó sún mọ́ ibi tí ilẹ̀ ti mì já lọ́gán. Àwọn tó jìnnà ń já ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kẹ́yìn já lẹ́yìn wákàtí 13 àti ìṣẹ́jú 17. Ó gba ọdún mẹ́tàlélógún kí àwọn onímọ̀ òkun méjì, Bruce Heezen àti Maurice Ewing, tó jókòó ti àkókò wọ̀nyẹn ní 1952, tí wọ́n sì ní ẹrẹ̀ tó ń sáré nísàlẹ̀ òkun ló já wọn. Àwọn kan ò gbà. Ní ti Kóńgò, ẹ̀rọ ti wà nínú ọ̀gbun kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, kò sí àyè iyàn.

Mo ń pè é ní àgbàrá nítorí n kò rí orúkọ tó bá a mu jù ú lọ. Omi tó gbé ẹrẹ̀ wúwo ju omi òkun tó mọ́ lọ. Ibi tó bá ti rí ìdagẹ̀rẹ̀, á wọ́ lọ sábẹ́ omi tó mọ́, á máa ṣàn bí àgbàrá òjò ṣe ń ṣàn lábẹ́ afẹ́fẹ́. Àwa náà là ń sọ pé àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Nínú ọ̀gbun Kóńgò, kò sí onílé.

Ọ̀gbun ọ̀hún fúnra rẹ̀ ṣàjèjì. Odò Ọya tiwa, kó tó dé òkun, á ti pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ka, á ti tẹ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri àbàtà àti igbó ẹ̀gbà, díẹ̀díẹ̀. Odò Kóńgò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí Amasọ́ọ̀nù, kò sí odò tó ń da omi tó o sókun, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ṣí sórí ihò. Orí ọ̀gbun náà wọ inú ẹnu odò lọ ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà, débi pé ibi tí odò ti ń kan òkun, ìsàlẹ̀ omi ti ju 400 mítà lọ. Ní 1886, nígbà tí onímọ̀ òkun J. Y. Buchanan wà nínú ọkọ̀ Buccaneer tó ń wọn ìsàlẹ̀ òkun nítorí wáyà tẹlígíráàmù, ló ṣàdédé bá a pé ìwọ̀n rẹ̀ ò kan ilẹ̀ níbi tó yẹ kó kàn. Wáyà tí wọ́n tò síbẹ̀ lẹ́yìn náà já, wọ́n tún un ṣe, ó tún já, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ló wá tú àgbàrá ti 2020 sílẹ̀? Ní òpin 2019, odò Kóńgò kún ní ìkún tí wọn ò tíì rí irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1960. Ẹnu èèyàn á fẹ́ yá láti sọ pé odò kún, àgbàrá bá ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkún náà dé góńgó rẹ̀ nínú oṣù kejìlá. Àgbàrá ò dé àfi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní sáà tí òkun ń kún jù tó sì ń fà jù, nígbà tí òṣùpá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún tán. Ohun tí Talling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò, tí èmi náà sì fara mọ́, ni pé odò kó ẹrẹ̀ wá jọ sórí ọ̀gbun, ẹrẹ̀ náà sì dúró síbẹ̀ láìle dáadáa. Nígbà tí òkun fà, tí omi tó tì í lẹ́yìn dín kù, ó yẹ̀. Odò ló kó ẹrù dé ẹnu ọ̀nà. Ìfàsẹ́yìn òkun ló ṣílẹ̀kùn.

Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń jẹun. Kì í ṣe gbogbo àgbàrá abẹ́ òkun ló máa ń yára sí i. Púpọ̀ nínú wọn ni ẹrẹ̀ inú wọn á máa rò sílẹ̀, tí wọ́n á máa fúyẹ́, tí wọ́n á sì kú sójú ọ̀nà. Èyí ń hú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀gbun bó ṣe ń lọ. Ẹrẹ̀ tó hú mú kó wúwo, wíwúwo mú kó yára, yíyára tún jẹ́ kó hú òmíràn. Àwòrán ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n yà ṣáájú àti lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi hàn pé láàárín tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 1,338 àti 2,675 ló ti kúrò nínú ọ̀gbun kan ṣoṣo yìí. Gbogbo odò ayé lápapọ̀ ní ọdún kan gbáko, ìdá kan nínú márùn-ún sí ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ẹrẹ̀ tí wọ́n ń gbé nínú omi lọ sókun nìyẹn. Odò Kóńgò fúnra rẹ̀ kì í gbé tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 50 wá lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó kéré tán, ẹrẹ̀ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ṣí kúrò nínú ọ̀gbun náà.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ náà gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àgbàrá Kóńgò ń gbé dé ìsàlẹ̀ kì í ṣe yanrìn, amọ̀ ni àti iyẹ̀pẹ̀ tó kúnná bí èlùbọ́. Hóró amọ̀ ò sì hùwà bíi hóró yanrìn.

Ẹ da yanrìn sínú ife omi, á rì lójú ẹsẹ̀. Ẹ pọn omi odò tó pọ́n wálé, á wà bẹ́ẹ̀ dijọ́ kejì. Kí ni àwọn ìyá wa máa ń ṣe sí i? Wọ́n á ju álọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á rò ó, láìpẹ́ wọ́n á rí i tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń ṣù pọ̀ bí òwú, tó ń rọra rọ̀ sísàlẹ̀. Ohun tó fà á ni pé hóró amọ̀ kọ̀ọ̀kan ní agbára iná díẹ̀ lára tó fi ń ti èkejì sẹ́yìn. Álọ́ọ̀mù ń pa agbára yẹn, wọ́n á sì so mọ́ra. Iyọ̀ òkun ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà. Nítorí náà, gẹ́rẹ́ tí amọ̀ odò bá ti bọ́ sínú òkun, ó ti ń ṣù, ó ti ń wá ẹni tó máa dì mọ́.

Nínú àgbàrá tó ń sáré, omi ń rú, ó ń yí, ìrúkèrúdò yẹn ló ń gbé gbogbo hóró dúró. Bí amọ̀ bá kéré, àgbàrá ń bẹ bí omi lásán. Bó bá pọ̀ sí i, hóró amọ̀ á máa so mọ́ra nínú omi títí wọ́n á fi dà bí àwọ̀n, àwọ̀n náà á sì máa pa ìrúkèrúdò. Jaco Baas àti Jim Best da amọ̀ sínú omi tó ń ṣàn nínú ọpọ́n gígùn ní yàrá ìwádìí, ohun tí wọ́n sì rí ya èèyàn lẹ́nu: amọ̀ díẹ̀ ń fi kún rírú omi nítòsí ìsàlẹ̀ ni, kó tó di pé amọ̀ púpọ̀ pa á. Ẹni tó bá ti ro ẹ̀kọ rí mọ̀ ọ́n. Ògì tó ṣàn á máa hó, á máa ta pàrà. Bó bá ti ń dì, orógùn á wúwo, híhó á dáwọ́ dúró, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ lásìkò yẹn ò sì ní rì mọ́. Ibi tó wà ló máa wà.

Gbogbo àgbékalẹ̀ ìpele tí àgbàrá ń tẹ́ sílẹ̀ wà lọ́wọ́ ìyẹn: ṣé ó dì kó tó dúró, àbí kò dì?

Ká sọ pé kò dì. Àgbàrá jáde lẹ́nu ọ̀nà tóóró, ó bọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ó fẹ̀, eré rẹ̀ rọ. Yanrìn tó wúwo jù ló kọ́kọ́ balẹ̀. Èyí tó kúnná tẹ̀ lé e, omi tó ṣì ń sáré lórí rẹ̀ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tàbí kó fín in ní àwọ ìgbì kéékèèké. Lẹ́yìn náà ni ẹrẹ̀. Onímọ̀ àpáta Arnold Bouma ló tò ó lẹ́sẹẹsẹ ní 1962, láti inú àpáta tó wà ní Annot ní gúúsù Faransé, ó sì pín in sí márùn-ún. Yanrìn ló jẹ ẹ́ lógún jù. Ní Kóńgò, ìdá òkè, ìyẹn ibi tí Bouma kàn fi ojú kan rìn kọjá, ló pọ̀ jù.

Ìdá òkè yẹn tún ní ẹwà tirẹ̀. Bí èèyàn bá gé ẹrẹ̀ náà lágèékọjá, á rí i bó ṣe rí bí ojú ìwé tí wọ́n tò léra: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dúdú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ díẹ̀, dúdú, tó mọ́, ọ̀pọ̀ wọn ò nípọn ju mìlímítà kan lọ. Ẹnikẹ́ni á rò pé àgbàrá kan ló tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Rárá. Dorrik Stow àti Anthony Bowen ṣàlàyé rẹ̀ ní 1978. Nítòsí ìsàlẹ̀, ibi tí omi ti ń fi ara gbo ilẹ̀, gbígbo náà ń já ṣùùṣù amọ̀ sí wẹ́wẹ́, wọn ò lè balẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná tí kì í so mọ́ra nìkan ló ń gbà wọ́n láàárín balẹ̀. Ìyẹn ni fẹ́lẹ́ tó mọ́. Amọ̀ tí wọn ò jẹ́ kó balẹ̀ ń pọ̀ sí i lókè níbẹ̀, ó ń pọ̀, títí ó fi pọ̀ débi pé gbígbo ò lè já a mọ́. Á ṣù lẹ́ẹ̀kan náà, á wó lulẹ̀. Fẹ́lẹ́ dúdú nìyẹn. Wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Àgbàrá kan ṣoṣo lè fi báyìí kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlà. Ẹni tó bá ka fẹ́lẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ó ti ṣi ìwé kà.

Ká wá sọ pé ó dì. Ìrúkèrúdò kú kí yanrìn tó rí àyè rì tán, ohun gbogbo dúró lójú kan pọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń bá nírú ibẹ̀ ni yanrìn tó mọ́ díẹ̀ nísàlẹ̀, tó balẹ̀ nígbà tí àgbàrá ṣì ń ta pàrà. Lórí rẹ̀, àdàlú yanrìn àti amọ̀ tó ní ègé ẹrẹ̀ líle nínú, tí àgbàrá bù kúrò lára ìsàlẹ̀ ọ̀gbun lójú ọ̀nà. Kókó inú àmàlà ni wọ́n jọ. Ẹrẹ̀ lásán ló ń bo gbogbo rẹ̀ lókè. Tẹ́lẹ̀, irú ìpele báyìí máa ń da àwọn onímọ̀ rú. Wọ́n á ní àgbàrá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá, ọ̀kan ṣíṣàn, ọ̀kan kíki. Àgbàrá kan náà ni, ó kàn yí ìwà padà lójú ọ̀nà.

Ẹ̀rí mìíràn wà lórí ọ̀rọ̀ 2020 tó kan ẹrẹ̀ òkè yẹn. Àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀ wà lórí ìsàlẹ̀ òkun, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun, níbi tí àgbàrá ò lè kàn wọ́n. Wọn ò já. Wọ́n gbọ́ ìdúnrunrun rẹ̀ bó ṣe ń kọjá, ohun tí wọ́n sì gbọ́ ni pé iwájú rẹ̀ tó lágbára tètè kọjá, àmọ́ ìrù rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iwájú ló já okùn, òun ló já wáyà, òun ló hú ilẹ̀. Ìrù tó ń wọ́ lẹ́yìn yẹn ni mo gbà pé ó ń fi sùúrù tẹ́ ẹrẹ̀ sórí ohun tí iwájú fi sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ìtàn àwọn àgbàrá Kóńgò ò gbọdọ̀ wá a nínú ọ̀gbun. Ibẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ló ń nu ìwé ẹni tó ti lọ. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí mítà 5,000, ni ìwé náà wà. Ewé igbó Kóńgò wà láàárín ìpele ẹrẹ̀ ibẹ̀, ewé gidi, pẹ̀lú ègé igi, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé rí. Bí ewé wọ̀nyẹn ṣe ń jẹrà, gáàsì ń jáde lára wọn, àwọn ìṣáwùrú kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé kòkòrò àìrí tí gáàsì yẹn ń bọ́ ló ń bọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé ju wáyà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń ra epo bẹntiróòlù ò ní mọ̀. Epo Bonga àti Agbami, tí wọ́n ń fà nínú òkun jíjìn níwájú Niger Delta, inú yanrìn tí irú àgbàrá báyìí tẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló wà, ẹrẹ̀ tó tẹ́ lé e lórí ni ò sì jẹ́ kó sá jáde.

SAT-3 ò tíì sinmi tán tó tún já nínú oṣù kẹta 2020, àgbàrá mìíràn nínú ọ̀gbun yìí kan náà. Oṣù kẹjọ 2023, òun àti WACS tún jọ já níbẹ̀. Ti oṣù kẹta 2024 ni ọ̀pọ̀ wa rántí jù, nígbà tí báńkì ò ṣí lórí fóònù: SAT-3, WACS, ACE àti MainOne já pa pọ̀ níwájú Abidjan, níbi tí ọ̀gbun mìíràn ti ya òkun, tí àwọn Faransé ń pè ní Trou Sans Fond, ihò aláìnísàlẹ̀. Equiano, wáyà mìíràn, ò já lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n wáyà tó bá fẹ́ ti Èkó lọ sí Cape Town láìkọjá lójú ọ̀nà àgbàrá Kóńgò, á ní láti jìnnà sí etíkun ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Ní ti ìpele 2020 fúnra rẹ̀, eruku òkun ti ń rọ̀ sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ekòló abẹ́ omi sì ti ń lu ojú rẹ̀ ní ihò.